Ìwé Ta Ni Yóò Jáde? Ìjà Tó Ń Ṣáájú Ìgbẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà

Ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìjà ti máa ń le kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Orí ìwé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń jà: àdéhùn, ìwé owó, ìmẹ́èlì. Láti 1938 ni òfin wọn ti fàyè gba olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ láti béèrè ìwé tó wà níkàáwọ́ ara wọn.

Agbẹjọ́rò á kọ irú ìwé tó ń fẹ́ ránṣẹ́, ẹnì kejì sì ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Bí kò bá gbà, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní pàtó, kó sì sọ bóyá ìwé kan wà tó dì mú. Ìmọ̀ràn òfin tí ènìyàn gbà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò rẹ̀ kì í jáde. Àṣírí òwò lè jáde ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ lè pàṣẹ pé agbẹjọ́rò nìkan ni kó fojú kàn án. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́ láàárín ara wọn kí wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́.

Ẹjọ́ Laura Zubulake ló jẹ́ ká rí bí ìjà yìí ṣe ń lọ. Iléeṣẹ́ báǹkì UBS tó ń bá ṣiṣẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2001, ó sì pẹjọ́ ní New York ní 2002 pé wọ́n rẹ́ òun jẹ nítorí pé òun jẹ́ obìnrin. Ìmẹ́èlì bí ojú ewé 100 ni UBS kó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ojú ewé 450 ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀! Ìyókù wà lórí téèpù ìpamọ́, ìyẹn téèpù tí iléeṣẹ́ ń da ẹ̀dà ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà sí, owó ńlá ni yóò sì ná ènìyàn láti gbé e jáde. Ta ni yóò san án? Adájọ́ Shira Scheindlin ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ téèpù márùn-ún wò. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀rí níbẹ̀, ó ní kí UBS san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ìyókù, kí obìnrin náà san ìdá kan.

Àṣé àwọn òṣìṣẹ́ kan ti pa ìmẹ́èlì rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ní 2004, adájọ́ ní àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n sì dá a, lè gbà pé ohun tó sọnù náà ìbá tako UBS. Ní oṣù kẹrin 2005, àwọn júrì dá obìnrin náà láre, wọ́n sì ní kí UBS san dọ́là mílíọ̀nù 29.3 fún un.

Láti ìparí 2015, adájọ́ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún júrì mọ́ lórí ìmẹ́èlì tó sọnù, àyàfi tí ó bá hàn pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́ kí alátakò má baà rí i lò. Èyí nira fún òṣìṣẹ́ tó pe iléeṣẹ́ lẹ́jọ́, nítorí èrò inú ẹlòmíràn kò rọrùn láti fi ẹ̀rí gbé jáde.

Ojúṣe pípa ìwé mọ́ kò sì dúró de ìwé ìpẹ̀jọ́. Oṣù kẹjọ 2001 ni Zubulake kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí àjọ ìjọba, ṣùgbọ́n adájọ́ ní láti oṣù kẹrin ọdún yẹn ni ojúṣe náà ti wà lọ́rùn UBS, nígbà tí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń fura pé ó lè gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́.