Àdéhùn lórí ìyára ìkọ̀wé nínú géèmù ẹ̀dá-ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì

Géèmù ẹ̀dá-ìtàn alákọsílẹ̀ ni géèmù tí àwọn akópa ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ gbé ìtàn kan ró lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akópa kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń jà tàbí tó ń rìnrìn-àjò. Olùdarí géèmù ló ń ṣàpèjúwe ayé tí wọ́n wà, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ẹ̀dá yòókù. Àdéhùn lórí ìyára ìkọ̀wé ni ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀: iye ìgbà tó yẹ kí oníkálukú máa kọ pósìtì, bí wọ́n ṣe máa dúró pẹ́ tó de ẹni tó bá dákẹ́, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí gbèdéke bá kọjá.

Nínú MUD, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe, èyí tí Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1978, tí Richard Bartle sì bá a tẹ̀ síwájú, gbogbo àwọn tó ń ṣeré náà ló ń wà lórí kọ̀ǹpútà lásìkò kan náà, èsì sì ń dé lójú ẹsẹ̀. Géèmù alákọsílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè kọ tirẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, kí ẹlòmíràn fún un lésì lọ́gànjọ́ òru. Ìyẹn ló jẹ́ kí abiyamọ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè bá wọn kópa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dákẹ́, àwọn yòókù kò lè mọ̀ bóyá ó ń ronú ni, bóyá ó ń sùn ni, àbí ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Orísun

Ìṣòro yìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1959 ni Allan B. Calhamer gbé Diplomacy jáde ní Amẹ́ríkà, géèmù orí pátákó tí àwọn alágbára ilẹ̀ Yúróòpù ti ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 1963, John Boardman ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀ nípasẹ̀ lẹ́tà. Olùdarí á dá ọjọ́ tí àṣẹ oníkálukú gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá dé, òfin géèmù náà fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ọmọ ogun tí kò gba àṣẹ á dúró síbi tó wà. Géèmù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ṣòro láti rí àdéhùn òde òní tó yanjú ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ tó báyìí.

Dungeons & Dragons, géèmù ẹ̀dá-ìtàn tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974, ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i, torí pé ọ̀rọ̀ àsọgbà ló gbé eré ẹ̀dá-ìtàn dúró. Ìbéèrè kékeré kan, bíi “Ṣé ilẹ̀kùn yẹn wà ní títì?”, ń fẹ́ ìdáhùn kí eré tó lè tẹ̀ síwájú. Lójúkojú, ìdáhùn náà kò gba ìṣẹ́jú kan. Lórí ímeèlì, ó lè gba odidi ọjọ́ kan.

Ibi tí àkókò ń lọ

Ẹ jẹ́ ká mú ìjà kan nínú Dungeons & Dragons wò. Nínú ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀, ìyípo ìjà kan, ìyẹn àsìkò tí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 6. Ká ní akópa márùn-ún ni wọ́n, olùdarí ṣìkẹfà wọn, tí oníkálukú ń dúró kó kàn án kó tó kọ̀wé, tí ó sì ń gba ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan. Ìyípo kan di ọjọ́ 6. Ìjà oníyìípo mẹ́rin, tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 24 lọ nínú ìtàn, á gba ọjọ́ 24. Kò sì sí ọ̀lẹ kankan nínú wọn: gbogbo wọn ló ń kọ̀wé lásìkò tí wọ́n ṣàdéhùn. Bí olùdarí bá gbà kí gbogbo wọn kọ tiwọn láàárín ọjọ́ 2, ẹni tó bá yá kó kọ́kọ́ kọ, tó sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kẹta, ìjà yẹn á parí lọ́jọ́ 12. Nítorí náà, dídúró de ara ẹni ló ń jẹ àkókò jù, kì í ṣe ìkọ̀wé gan-an.

Àwọn olùdarí tó mọ èyí máa ń ju dáìsì fún gbogbo ènìyàn fúnra wọn, kí wọ́n má baà dúró de ẹnì kan nítorí nọ́ńbà kan péré. Wọ́n tún máa ń ní kí akópa fi àṣẹ àfikún sí pósìtì rẹ̀: “Bí èyí bá ti ṣubú kó tó kàn mí, mo máa dojú kọ èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ìyára àjù náà ń ba géèmù jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdákẹ́ ni ọ̀pọ̀ àdéhùn ń mẹ́nu bà. Ẹni méjì tó jọ wà nírọ̀lẹ́ kan lórí Discord, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè kọ pósìtì mẹ́wàá síra wọn. Nígbà tí ẹni kẹta bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti bá ọba sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti gba iṣẹ́ tó fún wọn, wọ́n sì ti jáde láàfin. Ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ dúró níbẹ̀ bí odi. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àdéhùn fi ààlà sí òkè pẹ̀lú: kí ẹnikẹ́ni má kọ ju pósìtì méjì lọ nínú ìran kan kí àwọn yòókù tó kọ tiwọn, kí wọ́n má sì ṣe ìpinnu tó kan gbogbo ẹgbẹ́ kí wákàtí 24 tó pé.

Ohun tó ń wà nínú àdéhùn

Pósìtì kan lójúmọ́ wọ́pọ̀ níbi tí ìjà àti dáìsì ti pọ̀. Níbi tí pósìtì bá ti gùn, tí wọ́n ń kọ ọ́ bí ìtàn àròsọ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu. Agbára ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí jù ló yẹ kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, torí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara oníkálukú máa ń yá gágá, wọ́n á sì ṣèlérí ohun tí apá wọn kò ní ká tó bá yá.

Wákàtí dára láti fi dá gbèdéke ju orúkọ ọjọ́ lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Jimọ̀ ní New York nígbà òtútù ti di aago mẹ́ta òru mọ́jú Sátidé ní Èkó. Aago Èkó kì í yí padà láàárín ọdún, ti New York sì máa ń yí, nítorí náà wákàtí 6 tó wà láàárín wọn á di 5 nígbà ooru. Discord ní àmì àkókò kan tó ń fi aago ìlú tí òǹkàwé wà hàn án.

Àdéhùn tó péye lè kúrú báyìí: “Kí oníkálukú kọ pósìtì kan, ó kéré tán, láàárín wákàtí 48. Bí wákàtí 72 bá pé láìgbọ́ ohùn ẹnì kan, olùdarí á bá a gbé ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ lọ́nà tí kò ní kó o sínú ewu. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ̀dá-ìtàn náà á fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kú. Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò tàbí tó ń ṣèdánwò, kó sọ ṣáájú.”

Olùdarí náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ìdákẹ́ tirẹ̀ léwu ju ti akópa lọ: wọ́n lè fo akópa kọjá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fo olùdarí. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń yan igbákejì fún un, tó lè parí ìran tó wà nílẹ̀ bí olùdarí bá ṣàìsàn.

Wọ́n lè tún àdéhùn ṣe bí ipò àwọn ènìyàn bá yí padà, pàápàá lásìkò ìdánwò àti ìparí ọdún. Bí ẹni tuntun bá sì fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, àdéhùn yìí ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un kà kó tó dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀.