Kí ni wọ́n ń pè ní ìmúsọjí òpópónà ọjà àtijọ́?

Títì àárín ìlú tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tò sí lọ́tùn-ún lósì là ń sọ, tí ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tí òkè wọn jẹ́ ibùgbé tàbí ọ́fíìsì. Bí irú títì bẹ́ẹ̀ bá ti dá páropáro, tí ìlú wá fi ètò àti owó gbé e dìde, ìmúsọjí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dà tuntun àti iná ojú títì ni gbogbo rẹ̀, torí àwọn ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èrò ló kúrò níbẹ̀ tí ọjà fi kú. Ẹsẹ̀ èrò náà la gbọ́dọ̀ dá padà.

Nígbà mìíràn, ohun rere ló ń lé èrò lọ. Ní Toronto, ní Kánádà, nígbà tí reluwé abẹ́ ilẹ̀ dé títì Bloor Street, àwọn tó ti ń wọ ọkọ̀ lójú títì bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tí wọ́n ti ń rajà lọ́wọ́ wọn. Kí làwọn oníṣọ́ọ̀bù Bloor West Village, àdúgbò kan lórí títì yẹn, ṣe? Àwọn fúnra wọn ló ní kí ìjọba máa gba owó kún owó orí àwọn, kí ó sì jẹ́ ti títì yẹn nìkan. Òfin mú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó lè ká ọwọ́ gbera kí ó máa jẹ nínú ohun tí aládùúgbò rẹ̀ dá owó sí. Ọdún 1970 nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni ètò náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹ wá gbójú sókè wo ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Pákó ni wọ́n kàn bo fèrèsé òkè. Bí ẹ bá wọlé láti wá àtẹ̀gùn, ẹ lè má rí i: wọ́n ti wó o lọ́jọ́ tó ti pẹ́, kí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Àjà méjì ṣófo lórí ọjà, ẹnikẹ́ni ò lè débẹ̀. Ní tèmi, àtẹ̀gùn yẹn ni kí owó kọ́kọ́ lọ bá, torí ẹni tó ń gbé lókè ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá ra búrẹ́dì láàárọ̀, tí yóò sì tanná lálẹ́ nígbà tí ọjà bá ti túká.

Kí ló dé tí onílé ò fi tún un ṣe fúnra rẹ̀? Ká ní àtúnṣe yóò jẹ 100, tí ilé náà ò sì ní ju 70 lọ lọ́jà bó bá parí. Báǹkì ò ní yá a kọjá 70, ó sì máa ń dín sí i. Àlàfo yẹn ni owó ìlú wà fún. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá tún ilé àtijọ́ tí ìjọba kà sí ohun ìtàn, tó sì ń mówó wọlé, ṣe bí ìlànà ṣe là á sílẹ̀, ìdá 20 nínú 100 owó tó ná ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó orí rẹ̀, láàárín ọdún 5.

Lílé mọ́tò kúrò lójú títì nìkan kì í ṣe oògùn. Ó bá Strøget, títì ọjà kan ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, mu láti 1962 títí dòní. Ìlú Kalamazoo ní Amẹ́ríkà ti ṣe é ṣáájú, ní 1959, ṣùgbọ́n ní 1998 wọ́n dá mọ́tò padà sí apá kan títì náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni owó ṣọ́ọ̀bù. Bí títì bá ti ń kún, onílé á fi kún un. Aránṣọ tó fara da àwọn ọdún tí ọjà ò tà, tó ń ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tì pa, òun ni yóò kọ́kọ́ kó ẹrù. Ètò tó bá ro ti irú aránṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn kí owó ìjọba tó jáde: onílé tó bá gba ìrànwọ́ kò ní fi kún owó ilé kọjá iye kan fún ọdún mélòó kan. Bí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́ onílé tán, ta ni yóò tún fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀?