Ohun tí dífẹ́rẹ́ńṣíà ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀

Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, táyà ọ̀tún àti ti òsì kì í rin ìrìn kan náà. Èyí tó wà nínú kọ́nà ń gé e kúrú, èyí tó wà níta ń rìn yípo. Ká ní àlàfo àárín táyà méjèèjì jẹ́ mítà 1.5, ti ìta yóò fi nǹkan bíi mítà 2.4 ju ti inú lọ kí ọkọ̀ tó yí ìdámẹ́rin òbìrí tán. Kọ́nà náà ìbáà há, ìbáà fẹ̀, iye yẹn kì í yí padà. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sì í sábà rìn tó mítà 2 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan.

Táyà tí ẹ́ńjìnnì kò yí kò níṣòro nínú èyí. Bíi ti ọmọlanke ni, kálukú ń yí bó ṣe wù ú. Àwọn méjì tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló lọ́rọ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ irin kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á máa wọ́ lórí ọ̀dà ní gbogbo kọ́nà, á máa han, títí táyà á fi jẹ tán tàbí kí irin kán. Dífẹ́rẹ́ńṣíà ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ará Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní 1827 fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́.

Lára Peugeot 504 àtijọ́ tàbí bọ́ọ̀sì Hiace, òun ni irin roboto tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn. Micra náà ní tirẹ̀, inú gíábọ́ọ̀sì níwájú ló fi pamọ́ sí. Nínú ti ẹ̀yìn, pròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn, ń yí gíà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní kíráùn. Ṣùgbọ́n kíráùn kò di táyà kankan mú. Àgò irin kan ló dì mọ́, inú àgò náà sì ni àwọn gíà kéékèèké wà, tí wọ́n fi eyín há gíà méjì mìíràn, ọ̀kan fún sáàfùtì tó ń yí táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì.

Lójú ọ̀nà tó tọ́, àwọn gíà kéékèèké yìí kì í yí lórí ara wọn rárá; wọ́n kàn ń bá àgò lọ ni. Ó di kọ́nà kí wọ́n tó yí. Bí àgò bá yí nígbà 100, tí táyà inú yí nígbà 90, ti ìta á yí nígbà 110. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nígbà tí wọ́n bá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, tí ẹ́ńjìnnì ti kú, tí ọkọ̀ sì wà nínú gíà. Bó bá fọwọ́ yí táyà kan síwájú, èkejì á yí sẹ́yìn.

Eré ni dífẹ́rẹ́ńṣíà gbà kó yàtọ̀ o, agbára kọ́. Iye agbára tó bá fún ọ̀tún náà ló ń fún òsì. Ẹ wo ẹni tó so àgbò Iléyá méjì mọ́ ọ̀pá kan, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ọ̀hún, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ìhín, tó wá di àárín ọ̀pá mú, tó ń fà. Bí okùn ọ̀kan bá já, ọ̀pá á kàn pọ̀yì lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àgbò kejì á dúró, á máa wò ó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nígbà òjò, tí ọkọ̀ tó ń kó kòkó bọ̀ láti oko bá fẹsẹ̀ kan bọ ẹrẹ̀. Táyà inú ẹrẹ̀ kò rí ibi tẹ̀, kò gba agbára, nítorí náà ti orí ilẹ̀ líle pẹ̀lú kò rí gbà. Dírẹ́bà tó bá ń tẹ epo sí i, kòtò ló ń gbẹ́ fún ara rẹ̀. Àwọn tó ń ti ọkọ̀ náà a sì máa ki òkúta sábẹ́ táyà tó dúró! Èyí tó ń yí lófo ni kí wọ́n wá pákó tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sí lábẹ́. Ọkọ̀ tuntun ń ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀: kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń tẹ bíréèkì fún táyà òfo nìkan, kó lè rí nǹkan bá jà. Àwọn típà mìíràn ní bọ́tìnnì tó ń ti dífẹ́rẹ́ńṣíà pa, kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀. Inú ẹrẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé orí ọ̀dà ti padà sọ́dọ̀ irin kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń ra táyà tòkunbọ̀ kì í sábà ka èyí sí: bí táyà ọ̀tún bá ga ju ti òsì, kọ́nà ni ọkọ̀ yẹn wà lójú dífẹ́rẹ́ńṣíà, kódà lórí títì gbọọrọ láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà. Gíà tó yẹ kó sinmi á máa yí láìdẹ́kun, ọ́ìlì á gbóná, eyín á máa jẹ. Bó bá ti ń kùn hùn-ún lábẹ́ ọkọ̀, tí ohùn náà ń ga bí eré ṣe ń pọ̀, ọ́ìlì inú dífẹ́rẹ́ńṣíà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.