Pókè (oúnjẹ Hàwáì)

Pókè jẹ́ oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn ará Hàwáì, àwọn erékùṣù inú Òkun Pàsífíìkì tí wọ́n di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1959. Ẹja tútù tí iná kò kàn ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi iyọ̀ àti àwọn èlò mìíràn pò. Tí wọ́n bá bù ú lé ìrẹsì, a di abọ́ pókè tí àwọn ilé oúnjẹ òde òní ń tà. Ní Hàwáì, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wọ̀n ọ́n rà lórí káńtà, wọn a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ìrẹsì.

Ìtàn

Kí àwọn ará Yúróòpù tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1778, ẹja etí òkun ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú iyọ̀ òkun, ewé inú òkun tí wọ́n ń pè ní limu, àti ʻinamona, ìyẹn èso igi kukui tí a yan tí a sì gún. Wọn kì í jẹ èso kukui ní tútù, nítorí ó máa ń mú kí inú ènìyàn ṣu. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké ló mú àyípadà wá: àwọn ará Ṣáínà láti 1852, àwọn ará Jàpáàn láti 1868, tí wọ́n sì pọ̀ sí i láti 1885. Àwọn ará Éṣíà wọ̀nyí ni sọ́ọ̀sì sóyà àti òróró yànmọtí bá dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Sam Choy, alásè ọmọ Hàwáì, dá ìdíje pókè sílẹ̀. Lẹ́yìn 2010 ni ó tàn ká àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà.

Ẹja àti ààbò rẹ̀

Ẹ̀yà túnà méjì ni wọ́n ń pè ní ahi: Thunnus albacares àti Thunnus obesus. Àwọn méjèèjì ló gbajúmọ̀ jù fún pókè lónìí. Ní ọjà ẹja Honolulu, olú-ìlú Hàwáì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ní gbàǹjo láàárọ̀ kùtù, wọ́n máa ń gé díẹ̀ nínú ìrù túnà kọ̀ọ̀kan kí àwọn oníbàárà lè yẹ ẹran àti ọ̀rá rẹ̀ wò. Ẹni tó ń ra ẹja sílé kì í ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Pípọ́n ẹran nìkan kò sì tó ẹ̀rí, nítorí wọ́n lè fi gáàsì carbon monoxide sí túnà kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Àkọlé "sushi-grade" tí àwọn òǹtajà ń lẹ̀ mọ́ ẹja kò ní ìtumọ̀ kankan nínú òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ewu tó sún mọ́ túnà jù lọ ni histamínì. Bí ẹja bá pẹ́ nínú ooru lẹ́yìn tó ti kú, àwọn bakitéríà a sọ èròjà histidínì inú ẹran rẹ̀ di histamínì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè rí i kí awọ ojú rẹ̀ pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ, kí ara sì máa yún un, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Dídì kò lè mú un kúrò. Nítorí náà, kí ẹja má kúrò nínú yìnyín tàbí fíríìjì láti ojú omi dé ilé ló ṣe kókó. Ìwọ̀n 4 °C tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà ń dámọ̀ràn.

Ti aràn yàtọ̀. Aràn Anisakis lè wà nínú sàmọ́ǹ inú òkun, ṣùgbọ́n dídì a máa pa á. Ìlànà FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ni -20 °C fún ọjọ́ méje, tàbí kí ẹja dì gbagidi ní -35 °C kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 15. Ìlànà náà yọ àwọn ẹ̀yà túnà kan sílẹ̀, títí kan ahi méjèèjì. Ọ̀pọ̀ fírísà ilé kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó sàn kí a ra sàmọ́ǹ tí ilé iṣẹ́ ti dì. Iyọ̀ àti sọ́ọ̀sì tí a fi pò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Dídì kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ní 2016, scallop (ẹran oníkarawun inú òkun) tí a dì, tí ó wá láti Filipínì, tí wọ́n sì jẹ ní tútù, tan àrùn ẹ̀dọ̀ Hepatitis A ká Hàwáì. Ènìyàn 292 ló kó o.

Pípò nílé

Nǹkan bí 450 gíráàmù ahi tó ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìrẹsì ni kí a kọ́kọ́ sè, irú èyí tó kúrú tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra, kí ó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́ kí ẹja tó jáde nínú fíríìjì. Ọ̀bẹ mímú ni a fi ń gé ẹja náà ní ìbú ìlà ẹran rẹ̀, kí ègé kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sọ́ọ̀sì sóyà, ṣíbí kan òróró yànmọtí, àlùbọ́sà àti ewé rẹ̀, ata gbígbẹ díẹ̀, yànmọtí yíyan, àti limu bí ó bá wà, ni a ó fi pò ó. Èso macadamia yíyan tí a gún lè rọ́pò kukui. Tí a bá pò ó tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 nínú fíríìjì tó. Bí ó bá pẹ́ jù, iyọ̀ a fa omi ara ẹja jáde, ẹran a sì le. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò pọn dandan: nínú ceviche, oúnjẹ ẹja tútù ti Pẹrú, ni omi ọsàn ti máa ń sọ ẹja di funfun.

Edé, akàn àti ọ́kítópọ́ọ̀sì náà ń bẹ nínú pókè; ọ́kítópọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń sè kí wọ́n tó gé e. Ọjọ́ tí a bá pò ó ni kí a jẹ ẹ́ tán. Àwọn kan ní Hàwáì a máa dín ìyókù nínú páànù gbígbóná lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n iná kì í pa histamínì, nítorí náà ìyókù tí kò bá wà nínú fíríìjì mọ́jú kò ṣeé dín jẹ.