Ìwé ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe àlàyé: bí aráàlú Kenya ṣe lè tọpa owó iṣẹ́ ìjọba

Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n kọ́ ọ dé òrùlé, agbaṣẹ́ṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, koríko gba inú ilé, àwọn aboyún sì ṣì ń gun bodaboda, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, lọ bímọ ní ìlú mìíràn. Ohun tí ará àdúgbò sábà máa ń kọ ránṣẹ́ sí gómìnà káńtì wọn, ìyẹn bí ìpínlẹ̀ tiwọn, ni pé: "Níbo lẹ gbé owó wa gbà?" Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú ìwé kankan jáde. Ẹni tó bá gbà á lè fi àlàyé ẹnu dáhùn, ọ̀rọ̀ sì tán nìyẹn.

Abala 35 nínú ìwé òfin Kenya ti ọdún 2010 ló fún ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní ẹ̀tọ́ sí ìwífún tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Òfin tí wọ́n ń pè ní Access to Information Act, ti ọdún 2016, ló wá la ọ̀nà bí ẹ̀tọ́ náà yóò ṣe tẹ ènìyàn lọ́wọ́. Ọmọ Kenya nìkan ló wà fún, tàbí ilé iṣẹ́ tí ọmọ Kenya ń darí. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Nairobi tí kò tíì gba ìwé ọmọ ìlú ní láti jẹ́ kí alájọṣe rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Kenya fọwọ́ sí lẹ́tà. Èyí yàtọ̀ sí òfin Nàìjíríà ti ọdún 2011, tó fún ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ti gbé síta. Òfin ìgbéṣẹ́fúnni ti ọdún 2015 ní kí ọ́fíìsì ìjọba máa kéde kọ́ńtíráàtì tí wọ́n bá gbé fún ènìyàn, ìjọba àpapọ̀ sì ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹ wá orúkọ iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, nọ́ńbà yẹn sábà máa ń wà lára pátákó tí wọ́n rì sí ojú iṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò pátákó náà kí òjò tó pa á rẹ́. Nọ́ńbà yìí ni kò ní jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sọ pé òun kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ń sọ.

Inú lẹ́tà gan-an ni iṣẹ́ wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kiswahili ni òfin ní kí wọ́n fi kọ ọ́. Bí mo bá túmọ̀ èyí tó dára sí Yorùbá, báyìí ni yóò ṣe rí:

"Lábẹ́ abala 35 ìwé òfin àti òfin ìwífún ti 2016, mo ń béèrè ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí ilé ìwòsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù wa, kọ́ńtíráàtì nọ́ńbà báyìí: ìwé kọ́ńtíráàtì tí ẹ jọ fọwọ́ sí, ìwé tó to iye ohun èlò àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gbogbo ìwé ẹ̀rí ìsanwó fún agbaṣẹ́ṣe láti July 2023 títí di June 2025, àti àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ náà wò kí ẹ tó gbà á. Ẹ lè pa nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni rẹ́ nínú wọn."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe mú ọjọ́ níbẹ̀. July sí June ni ọdún ìsúná Kenya. Ẹni tó bá kọ "láti January" yóò rí ìdajì ọdún méjì gbà, ìṣirò rẹ̀ kò sì ní bá ìwé ìsúná mu. Gbólóhùn tó kẹ́yìn náà níṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá ti fúnra yín ní kí wọ́n pa nọ́ńbà ènìyàn rẹ́, wọn kò ní lè sá sábẹ́ àṣírí ẹnikẹ́ni láti fi gbogbo fáìlì pamọ́. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìwé náà, òfin kò béèrè rẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí fọ́ọ̀mù nìkan kọ lẹ́tà yín. Ẹni tí kò mọ̀wé tàbí tí àìlera kò jẹ́ kó lè kọ̀wé lè fi ẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, tí yóò sì fún un ní ẹ̀dà.

Lójú òfin, ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà ni olùdáhùn, àfi bó bá yan ẹlòmíràn. Nítorí náà, orúkọ ipò rẹ̀ ni kí ẹ kọ sí orí lẹ́tà. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" pẹ̀lú ọjọ́ sára èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú nìyí: ènìyàn fi lẹ́tà lé ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́, oṣù méjì kọjá, kò sí ohun tó lè fi hàn pé wọ́n rí i rárá. Bó bá jẹ́ ímeèlì ni, ẹ béèrè èsì pé ó dé. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó lórí ìbéèrè fúnra rẹ̀. Owó fọ́tòkọ́pì àti owó ìfiránṣẹ́ gan-an ni òfin gbà láàyè. Ẹni tó bá béèrè kitu kidogo, "nǹkan kékeré" tí wọ́n fi ń pe rìbá níbẹ̀, ẹ ní kó já rìsíìtì ìjọba fún yín.

Ọjọ́ 21 ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí òǹtẹ̀ bá jẹ́ ti March 3, March 24 ló pé. Bí ìwé náà bá pọ̀ jù tàbí wọ́n ní láti fọ̀rọ̀ lọ ibòmíràn, wọ́n lè fi ọjọ́ 14 kún un lẹ́ẹ̀kan péré, ó di April 7. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí tàbí òmìnira ènìyàn, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, wákàtí 48 ni. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì mìíràn ni ìwé náà wà, ọjọ́ 5 ni wọ́n ní láti fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ títí ọjọ́ fi pé, òfin ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí kíkọ̀. Ẹ má ṣe máa dúró dè wọ́n mọ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ ni ẹ ti ní ọjọ́ 30 láti lọ bá Commission on Administrative Justice, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí ọ́fíìsì ìjọba, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ombudsman. Ẹ mú lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ àti èsì wọn, bí èsì bá wà, lọ. Àjọ náà lè pàṣẹ kí wọ́n tú ìwé sílẹ̀. Ẹni tí àṣẹ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 21 láti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga; bí kò bá lọ, ẹ lè gba àyè lọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ láti mú àṣẹ náà ṣẹ bí ìdájọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fo àjọ yìí kọjá. Adájọ́ lè dá yín padà síbẹ̀, oṣù á sì ti lọ.

Àwíjàre tí ẹ ó gbọ́ jù ni ààbò orílẹ̀-èdè àti àṣírí òwò agbaṣẹ́ṣe. Lóòótọ́ ni òfin dáàbò bo méjèèjì, ṣùgbọ́n ó tún ní ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí wọ́n tú ìwé síta bí àǹfààní aráàlú bá ju ìpalára lọ, ó sì ka ìṣọ́ owó ìlú mọ́ àǹfààní yẹn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ méjì, Khelef Khalifa àti Wanjiru Gikonyo, béèrè àwọn ìwé àdéhùn ojú irin SGR, èyí tí China yá Kenya lówó láti ṣe láti Mombasa dé Nairobi, ní December 2019. Wọn kò rí wọn gbà. Ní May 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Mombasa pàṣẹ kí ìjọba kó wọn sílẹ̀. November ọdún yẹn ni mínísítà ètò ìrìnnà tuntun, Kipchumba Murkomen, gbé díẹ̀ nínú ìwé ẹ̀yáwó náà síta. Ọdún mẹ́ta ló gbà wọ́n. Ìwé ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè nínú rẹ̀.

Bí ìwé bá wá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má kà á nínú ilé. Ẹ mú un lọ sí ojú iṣẹ́ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìsanwó, kí ẹ sì máa fi wéra ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti sanwó fèrèsé 14, tí ihò tó wà lára ògiri jẹ́ 9, ẹ ka ihò náà lójú ẹlẹ́rìí, ẹ ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìlà yẹn sí ẹ̀yìn fọ́tò. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ ní mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Auditor-General, tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí Ethics and Anti-Corruption Commission, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta lé aṣojú wọ́ọ̀dù yín lọ́wọ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà tiyín.