Wolé-wolé: Èkó ni iṣẹ́ àbẹ̀wò oúnjẹ ti gbọ́njú

Tí ẹ bá bi ọ̀dọ́ òde òní pé ta ló ń rí sí i pé oúnjẹ ọjà kò pa wá, NAFDAC ni yóò dá yín lóhùn. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n 1993 ni òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó bí i rárá ni àwọn kan ti ń wọ agboolé láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ń ṣí ọmọrí àmù wò bóyá tánwíji wà nínú omi, tí wọ́n ń gba ẹran tó ti bàjẹ́ kúrò lórí àtẹ alápatà, tí wọ́n sì ń gbé olóńjẹ tí ibi ìdáná rẹ̀ dọ̀tí lọ sí kóòtù. Wolé-wolé ni tọmọdé tàgbà mọ̀ wọ́n sí. Ọwọ́ wọn ni àbẹ̀wò oúnjẹ ti gbọ́njú ní ilẹ̀ yìí, ọwọ́ wọn náà ni eré àsápajúdé tí ìjọba ń sá nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń sọ pé àwọn ń tún ẹ̀ka yìí ṣe mọ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló kọ́ wa láti máa yẹ oúnjẹ wò. N ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ọjà wa ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyálọ́jà wà lókè, ẹgbẹ́ aláta ní olórí tirẹ̀, ẹgbẹ́ ẹlẹ́lùbọ́ ní tirẹ̀, ẹlẹ́pọ àti ẹlẹ́ja náà kò gbẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò, tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́ àárín àwọn oníṣòwò. Lójú tèmi, kò sí bí ẹjọ́ ẹ̀lùbọ́ tó ti hu tàbí epo tí wọ́n lú kò ṣe ní í dé iwájú irú àwọn ìjòyè bẹ́ẹ̀, nítorí oníjìbìtì kan ṣoṣo lè ba ọjà gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ lójú àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ṣeé ṣe kí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n lé ẹni náà kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ kì í ṣe ẹnì kan náà. Ìdí àbẹ̀wò gan-an nìyẹn.

Ẹ tún wo àṣà ìtọ́wò. Títí di òní, ẹni tó fẹ́ ra gàrí á bu díẹ̀ sẹ́nu kó tó dá owó lé e, olóńjẹ kò sì ní í bínú. Ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ kó tó gbé e fún àlejò. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ohun tí mo gbé fún ọ kò ní í pa ọ́, nítorí èmi náà ti mu ún. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹran. Àwọn alápatà wa tó jẹ́ Mùsùlùmí kì í pa ẹran láìsí àdúrà àti ọ̀bẹ mímú, wọn kì í sì í ta ẹran tó kú fúnra rẹ̀. Ṣé a nílò kí ẹnìkan ti òkè òkun wá kọ́ wa nìyẹn?

Ti pàjáwìrì náà wà. Láyé àtijọ́, nígbà tí Ilẹ̀gbóná, ìyẹn àrùn ṣànpọ̀nná, bá wọ ìlú, wọn kì í sin òkú rẹ̀ sínú ilé bí wọ́n ṣe ń sin òkú tó kú ikú wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn abọrẹ̀ Ṣànpọ̀nná ló ń gbé e lọ, wọ́n sì ń kó aṣọ àti ẹrù rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn sọ ọ́ di ọ̀nà àtijẹ. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá, fọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ wọn láti mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀, ohun tó sì rí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà. Síbẹ̀, ìlànà yíya aláìsàn àti òkú sọ́tọ̀ ti wà nílẹ̀ kí òfin kankan tó dé.

Ní ti àwọn tó ń gbé oríyìn iṣẹ́ wolé-wolé fún Gómìnà William MacGregor, tó ṣàkóso Èkó láti 1899 sí 1904: dókítà ni, ó gbẹ́ kánáàlì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ó sì gbógun ti ibà. Ẹ̀fọn àti irà ló dojú kọ. Ìyẹn ti tó fún un.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a máa dárúkọ ni Isaac Ladipo Oluwole. Wọ́n bí i ní 1892, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Oluwole ni, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ King's College l'Ékòó nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1909. Ó kàwé dókítà ní Glasgow, ó parí rẹ̀ ní 1918, ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìlera ìlú l'Ékòó, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú níbẹ̀.

Ní 1924 ni àrùn eku, tí òyìnbó ń pè ní bubonic plague, bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ tán títí di nǹkan bí 1930. Kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ló ń gbé e wọ ara ènìyàn. Ibo wá ni eku ń gbé? Ibi tí oúnjẹ wà ni: abẹ́ àpò gàrí, inú àká àgbàdo, ẹ̀yìn ìsọ̀ oníṣu, inú ọkọ̀ ojú omi tó kó ìrẹsì wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí dókítà bá jókòó sí ọsibítù kó máa retí aláìsàn, yóò máa retí títí ni. Oluwole tún àyẹ̀wò ọkọ̀ ní èbúté tò, ó sì sọ àbẹ̀wò ilé dé ilé di ohun ìjà gan-an. Wolé-wolé tó lọ wo ilé lónìí láti mọ bóyá wọ́n bo oúnjẹ wọn dáadáa náà ló ń padà mú ìròyìn wá bí ẹnìkan bá ń gbóná nínú iyàrá. Kò sí pé ó ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka mìíràn kó tó di pé wọ́n gbéra.

Ó rí i pé ọwọ́ kò pọ̀ tó, ló bá dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yaba, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Gbogbo apá orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì padà sí ìlú wọn. Àrùn yẹn kan náà ló fà á tí ìjọba fi dá àjọ tó ń tún Èkó kọ́ sílẹ̀ ní 1928. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni Nàìjíríà ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ oúnjẹ wò tí a sì ń lé àrùn, Yaba ni màá ní kó lọ.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣàjèjì. Òfin oúnjẹ àti oògùn jáde ní 1974. Ní 1990, oògùn olómi tó ní májèlé nínú pa àwọn ọmọdé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, n'Íbàdàn àti ní Jos, NAFDAC sì dé ní 1993. Dora Akunyili di olórí ibẹ̀ ní 2001, gbogbo wa sì mọ bó ṣe bá àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn jà. Ní 2014, Ebola wọ Èkó. Àwọn tó ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ (polio) ti ní ibùdó àti ètò nílẹ̀ tí wọ́n fi gbá a mú, ó sì parí láàárín oṣù mẹ́ta.

Àmọ́ wolé-wolé ni wọ́n pa tì. Ìwé òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ àbójútó odò ẹran, ọjà, ilé búrẹ́dì àti ilé oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ ló ni ọsibítù àti owó, Abuja ló ni NAFDAC àti àjọ tó ń dènà àrùn, wolé-wolé tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọjà sì wà lábẹ́ káńsẹ́lọ̀ tí kò ní ọkọ̀ tó lè gbé e débẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, onígbáméjì jà l'Ékòó, ó sì mú wọn gan-an ní Lagos Island. Ìjọba ìpínlẹ̀ fura sí ohun mímu ọ̀fíó inú ike tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ti wà lórí ibùsùn ọsibítù ni wọ́n tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n wá ẹni tó ń ta á kiri. Ní Ondo, ibà Lassa ń padà wá lọ́dọọdún, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ń ṣe gudugudu méje láti tọ́jú àwọn tó mú. Eku ló ń gbé òun náà wá, inú oúnjẹ ló sì ń gbà wọlé, bíi gàrí tí a sá sẹ́bàá títì.

Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba wolé-wolé tó pọ̀, kó fún wọn ní ọkọ̀ àti yàrá àyẹ̀wò, kó sì fi wọ́n sí ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì, kí ẹni tó bá rí eku ní ìsọ̀ gàrí ní Ọ̀wọ̀ ní òwúrọ̀ lè bá ẹni tó ń ka iye aláìsàn sọ̀rọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.