Ta Ló Ń Yan Olórin Tó Ń Lọ sí Eurovision?

Tí fídíò Eurovision, ìdíje orin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, bá ti bọ́ sórí fóònù àwọn ọ̀dọ́ ní Sábó, Ìkòròdú, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Wọn kì í jà lórí orin. Ta ló rán olórin níṣẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn fà.

Ṣé ìjọba ló ń yàn wọ́n ni?

Rárá o, kò sí ti mínísítà níbẹ̀. EBU, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù, ló ni ìdíje náà. Ìlú Lugano, ní Switzerland, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1956. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣojú orílẹ̀-èdè: BBC fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RAI fún Ítálì. Òun ló ń sanwó ìkópa, òun náà ló ń yan olórin. Bí kò bá wù ú láti lọ, ó parí.

Báwo wá ni iléeṣẹ́ náà ṣe ń yàn?

Bó bá ṣe wù ú. Ibí gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ wà.

Sweden ní ìdíje Melodifestivalen, tó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ará ìlú á dìbò, àwọn adájọ́ láti òkèèrè náà á fún wọn ní máàkì. Àwọn tó di ẹgbẹ́ olórin ABBA ṣe ipò kẹta níbẹ̀ ní 1973, wọn ò rí Eurovision lọ. Wọ́n padà wá lọ́dún kejì, wọ́n borí nílé, wọ́n sì tún borí nínú Eurovision ní Brighton, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ítálì ní ìdíje orin Sanremo, tó ti wà láti 1951, tó ju Eurovision fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi Eurovision lọ̀, ó sì lè ní òun ò lọ. Ohun tí Olly ṣe ní 2025 nìyẹn. Lucio Corsi, tó ṣe ipò kejì, ló lọ. Ẹ fojú inú wo olórin wa kan tí wọ́n fún nírú àyè yẹn, kó ní òun ò ṣe!

Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn kàn máa ń pe olórin tó wù wọ́n sí kọ̀rọ̀, wọ́n á sì kéde rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe màgòmágó. Òfin gbà á.

Ṣé dandan ni kí olórin jẹ́ ọmọ ìlú yẹn?

EBU ò béèrè ìyẹn. Celine Dion, ọmọ Kánádà, ló borí fún Switzerland ní 1988. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Luxembourg ti borí, kò sì sí ọmọ Luxembourg kan nínú àwọn tó kọrin náà.

Ṣé ọmọ wa kankan ti dé ibẹ̀?

Destiny Chukunyere, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti Nàìjíríà, kọrin fún Malta. Ó borí nínú X Factor Malta, ìdíje orin orí tẹlifíṣọ̀n, ní 2020 kí wọ́n tó yàn án, àrùn Kòrónà sì fagi lé Eurovision ọdún náà. Ní 2021, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Malta tún mú un láìṣe ìdíje mìíràn. Ipò keje ló ṣe.

Irú orin wo ni wọ́n ń gbà?

Kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, èèyàn mẹ́fà péré ló sì lè wà lórí ìtàgé. Fújì tó nílò ìdajì wákàtí kó tó gbóná, ẹ gbé e síbẹ̀.

Ṣé ará Ìkòròdú lè dìbò?

Bẹ́ẹ̀ ni, láti 2023, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú káàdì báńkì. Àmọ́ ìbò gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìdíje ni wọ́n ń kó pọ̀, tí wọ́n ń kà bí ìbò orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.